Èédú Ṣùkù Àgbàdo àti Omi Aró: A Dáhùn Ìbéèrè Yín

Nínú ìwé wa tó kọjá, a sọ pé èédú tí a fi pàǹtí oko sun lè gba àwọ̀ kúrò lára omi tí aláró ti lò tán, kí omi náà tó dé ojú gọ́tà. Èédú yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní biochar. Lẹ́tà tó tẹ̀lé e pọ̀, Òṣogbo àti agbègbè rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti wá. Kò yà wá lẹ́nu. Ìlú tí wọ́n ń kì ní ìlú aró kò ní í gbọ́ ọ̀rọ̀ omi aró kó dákẹ́. A mú mẹ́fà dáhùn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣùkù àgbàdo ni mo sun, mo gún un, mo sì da ẹ̀kúnwọ́ mẹ́rin sínú korobá omi aró búlúù tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí mo rẹ aṣọ. Kọ́sítíìkì (caustic soda) àti hydrosulphite ni mo fi po aró náà. Kàkà kí omi mọ́, ńṣe ló dúdú. Mo fi aṣọ sẹ́ ẹ, ó wá dà bí omi ewé, inú mi dùn. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, búlúù ti padà dé. Kí ni mo ṣe tí kò dáa? (Aláró kan, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun)

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe rí i. Búlúù tó padà dé lọ́sàn-án yẹn ló jẹ́ ká mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Èédú yín lè má ní àbùkù kankan. Afẹ́fẹ́ ni kò tíì ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ tí ẹ fi gbé èédú wọlé.

Ẹ rántí bí aṣọ ṣe máa ń rí tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ nínú aró: ó máa ń ní àwọ̀ ewé, afẹ́fẹ́ á fẹ́ sí i, ó sì di búlúù lójú yín. Irú aró yìí kì í yòrò nínú omi lásán. Hydrosulphite ló ń yí i padà kó lè yòrò nínú kọ́sítíìkì, kó sì wọ inú òwú. Bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án, ó padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, kò sì lè yòrò mọ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí aṣọ náà ló ṣẹlẹ̀ nínú korobá yín. Omi tó dà bí omi ewé yẹn kò tíì mọ́. Aró ṣì wà nínú rẹ̀, ó kàn fara pamọ́ ni. Kọ́sítíìkì tún dá kún ìṣòro náà, nítorí pé nínú omi tó bá le bẹ́ẹ̀, ara èédú àti ara aró tó yòrò jọ ń gbé irú iná kan náà (electric charge, kì í ṣe iná tó ń jó), wọ́n sì ń ti ara wọn dànù bí ojú mágínẹ́ẹ̀tì méjì tó jọra.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ṣíwájú; ọ̀fẹ́ ni. Ẹ da omi náà sínú bàsíà tó fẹjú, ẹ máa fi igbá bù ú, kí ẹ máa dà á padà láti òkè, bí ẹni tó fẹ́ kí tíì tètè tutù, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ ó rí i pé aró ti ń rọ̀ sísàlẹ̀ bí ẹrẹ̀. Omi òkè ni kí ẹ rọra bù, ẹ má rú ìsàlẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọ̀ náà ti kúrò nìyẹn láìlo èédú rárá.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wá rọ kọ́sítíìkì inú omi náà lójú. Ẹ ra bébà pH, èyí tó ń fi àwọ̀ sọ bí omi ṣe kan tàbí bó ṣe le tó, ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta kẹ́míkà, ẹ tì í bọ omi, kí ẹ fi àwọ̀ rẹ̀ wé ti ara páálí rẹ̀. Omi aró kọ́sítíìkì sábà máa ń wà ní 12 sí 13. Ibi tí a ń fẹ́ ni 7 tàbí itòsí rẹ̀. Fínígà ọjà, èyí tí ásíìdì inú rẹ̀ jẹ́ 5 nínú 100, lè ṣe é. Bí 20 lítà omi bá wà ní 12, fínígà bíi ìdá mẹ́rin lítà kan yóò tó o. Tó bá jẹ́ 13, ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀ ni, ìyẹn bíi lítà méjì ààbọ̀, nítorí pé nọ́ńbà kan ṣoṣo lórí òṣùwọ̀n yẹn dúró fún ìlọ́po mẹ́wàá. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa dà á, kí ẹ máa fi bébà wò ó.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fetí sí eléyìí dáadáa. Ẹ má ṣe kán fínígà tàbí ásíìdì kankan sínú omi tí hydrosulphite ṣì wà nínú rẹ̀. Gáàsì tó ń ta ni nímú, tó sì ń fún ni láyà, ni yóò jáde. Afẹ́fẹ́ lónìí, fínígà lọ́la, níta gbangba. Ásíìdì bátìrì kò sí lára ohun tí a ń lò, iye yòówù kó jẹ́.

Tí omi bá ti sún mọ́ 7, ẹ yọ́ álọ́ọ̀mù bíi 10 gíráàmù (ṣíbí tíì méjì tó tẹ́jú) nínú omi díẹ̀, kí ẹ dà á sínú 20 lítà náà. Ẹ rò ó kíákíá fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì rọra máa rò ó fún mẹ́wàá mìíràn. Aró tó kù lẹ́búlẹ́bú nínú omi yóò ṣù pọ̀ bí òwú, yóò sì jókòó láàárín wákàtí kan. Ẹni tó bá da álọ́ọ̀mù sí omi tó ṣì wà ní 12 fowó ṣòfò, nítorí yíyòrò ni yóò yòrò níbẹ̀, kò ní í ṣù.

Èédú ló kù báyìí. Dúdú tí omi yín dú lọ́jọ́ kìíní, lẹ́búlẹ́bú èédú tí a kò fọ̀ ló fà á. Tí ẹ bá gún un tán, ẹ fi asẹ́ gàrí sẹ́ ẹ kí wóróworó ńlá lè kúrò, ẹ kó èyí tó jábọ́ sínú aṣọ asẹ́ ògì, kí ẹ máa fi omi ṣàn án títí omi tó ń jáde yóò fi mọ́. Ó máa ń tó ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sí márùn-ún. Omi àkọ́kọ́ yẹn kún fún eérú, ẹ lè kó o fún alọ́ṣẹ dúdú. Lẹ́yìn náà, ẹ sá èédú kó gbẹ, ẹ wọn 200 gíráàmù fún 20 lítà, ẹ rò ó fún wákàtí méjì lóòrèkóòrè, kó sùn níbẹ̀ mọ́jú, kí ẹ tó sẹ́ ẹ. Òṣùwọ̀n ni kí ẹ lò o, nítorí ẹ̀kúnwọ́ èédú ṣùkù fúyẹ́ púpọ̀ ju ẹ̀kúnwọ́ èédú èèpo ekùrọ́ lọ.

Ohun kan ṣì kù. Omi inú ìkòkò aró fúnra rẹ̀, ẹ má dà á nù, ẹ má sì dà á pọ̀ mọ́ omi tí ẹ fi ṣan aṣọ. Ẹ bò ó, kí ẹ fi aró àti hydrosulphite kún un lọ́jọ́ mìíràn. Omi ìṣanṣọ nìkan ni kó máa wá síbi èédú. Ìyàtọ̀ láàárín ìdá mẹ́rin lítà fínígà àti lítà méjì ààbọ̀ wà níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Àgbẹ̀ ni mí nílùú Ìlobù. Ṣùkù àgbàdo kún ẹ̀yìnkùlé mi, ọ̀rẹ́ mi kan sì ní ibi tí wọ́n ti ń fọ́ ekùrọ́. Tí mo bá sun ún nílẹ̀, eérú ni mo ń rí. Báwo ni mo ṣe lè sun ún kó di èédú, tí èéfín kò ní í lé àwọn aládùúgbò jáde?

ÌDÁHÙN: Èédú àti eérú, ọmọ ìyá ni wọ́n, atẹ́gùn ló yà wọ́n. Níbi tí atẹ́gùn bá ti dé ara èédú tó ń jó pípọ́n, eérú ni yóò dà. Iṣẹ́ yín ni pé kí ọwọ́ iná máa jó lókè, kó máa jẹ atẹ́gùn àti èéfín pọ̀, kí atẹ́gùn má lè dé ìsàlẹ̀.

Ẹ gbẹ́ kòtò tó rí bí inú agbada, kí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó mítà kan, kó jìn tó 50 tàbí 60 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Kí ṣùkù ti gbẹ débi pé tí ẹ bá ṣẹ́ ẹ, á dún pàù. Ẹ dá iná kékeré sí ìsàlẹ̀ kòtò, kí ẹ fọ́n ṣùkù lé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ dúró. Bí ẹ bá ti rí i tí funfun eérú bẹ̀rẹ̀ sí í bo ara ṣùkù òkè, ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ fọ́n ìpele mìíràn lé e. Bí ẹ bá yára jù, iná á rọ, èéfín á dé. Bí ẹ bá pẹ́ jù, eérú ni ẹ ń dá. Ojú iná ni yóò máa kọ́ yín. Ọwọ́ iná tó ga tí kò ní èéfín ni àmì pé ọwọ́ yín tọ̀nà.

Nígbà tí kòtò bá kún, tí ọwọ́ iná sì ti lọ sílẹ̀, ẹ da omi lé e láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín títí kò fi ní í hó mọ́. Ẹ dúró jìnnà sí ooru tó ń yọ. Ẹ tú u sílẹ̀, ẹ sá a, kí ẹ má sì kó o sínú àpò kí wákàtí 24 tó pé, nítorí èédú tí inú rẹ̀ ṣì gbóná lè ràn lóru. Ìdá mẹ́rin sí ìdá márùn-ún ìwúwo ṣùkù gbígbẹ ni ẹ máa rí. 40 kílò ṣùkù yóò fún yín ní bíi 8 sí 10 kílò èédú.

Èèpo ekùrọ́ le, ó sì wúwo, nítorí náà kòtò kò bá a lára mu tó bẹ́ẹ̀. Inú páànù irin tó ní ìdérí ni ó dára jù. Ẹ lu ihò kékeré méjì tàbí mẹ́ta sí i, ẹ kó èèpo sínú rẹ̀, kí ẹ gbé gbogbo rẹ̀ sínú iná tí ṣùkù ń jó. Gáàsì yóò máa gba ihò jáde, yóò máa jó bí iná gáàsì ìdáná. Nígbà tí ọwọ́ iná ẹnu ihò bá kú, ó ti jinná nìyẹn. Ẹ má dí ihò náà o. Páànù tí kò ní ibi tí gáàsì ń gbà jáde lè bẹ́ gbàmù.

Èèpo kòkó ṣeé sun, àmọ́ eérú inú rẹ̀ pọ̀, ó sì máa ń mú kí pH omi gòkè, ẹ óò fọ̀ ọ́ ju ti ṣùkù lọ. Èèpo ìrẹsì àti ìyẹ̀fun igi tó ń jábọ́ lábẹ́ ayùn kò dára fún kòtò. Wọ́n á pa iná. Èyíkéyìí tí ẹ bá sun, níta gbangba ni. Gáàsì tó ń ti ara èédú pípọ́n jáde kò ní òórùn, ó sì ń pa ènìyàn nínú ilé tó há.

Bí ẹ óò ṣe mọ̀ pé èédú jinná: ẹ fi ọwọ́ ra á, kí ẹ fi omi lásán ṣan ọwọ́. Bí dúdú bá ṣí kúrò, ó dára. Bó bá jẹ́ pé ọṣẹ ni ẹ máa wá, ọ̀dà èéfín ṣì wà nínú rẹ̀, iná rẹ̀ kò gbóná tó. Èédú tó jinná sì máa ń dún bí àwo tó fọ́ tí ẹ bá jù ú sílẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, kẹ́míísìrì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé gírámà kan ní Òkè-Fìà. A kò ní ẹ̀rọ tó ń ka àwọ̀. Ọ̀nà wo ni a lè gbà mọ iye èédú tí omi kan fẹ́, àti iye àwọ̀ tó kúrò? Kí ló dé tí èédú kan náà fi gba àwọ̀ kan tí kò gba òmíràn?

ÌDÁHÙN: Ojú yín tó, bí ẹ bá fún un ní ohun tí yóò fi wé. Ẹ wá ike omi 50 sẹ̀ǹtílítà mọ́kànlá tó jọra, tí ara wọn mọ́ kedere. Omi aró tí ẹ ti jẹ́ kó jókòó, tí pH rẹ̀ ti wá sí 7, ni kí ẹ lò.

Àkọ́kọ́, ẹ ṣe ìdíwọ̀n. Ike kìíní, omi aró gan-an. Ìkejì, ìlàjì aró, ìlàjì omi mímọ́. Ẹ mú ìlàjì ìkejì, ẹ fi omi kún un, ìyẹn di ìdá mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀ lẹ ó ṣe lọ sí ìdá mẹ́jọ, ìdá 16 àti ìdá 32. Ẹ kọ nọ́ńbà sára wọn, kí ẹ tò wọ́n síwájú bébà funfun.

Lẹ́yìn náà, ẹ bu ìlàjì lítà omi aró sínú ike márùn-ún yòókù. Ẹ má fi nǹkan kan sí ọ̀kan. Òun ni yóò sọ fún yín ohun tí àsìkò nìkan lè ṣe. Ẹ fi èédú fífọ̀ gbígbẹ gíráàmù 1 sí èkejì, 2.5 sí ẹ̀kẹta, 5 sí ẹ̀kẹrin, 10 sí ẹ̀karùn-ún. Ẹ máa gbọ̀n wọ́n fún wákàtí méjì, ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn mọ́jú. Ẹ fi òwú tí ẹ kì sí ẹnu fọ́nẹ́ẹ̀lì sẹ́ wọn. Kí ẹ tó kà á, ẹ gbọ̀n omi tí ẹ sẹ́ dáadáa, kí ẹ ṣí ẹnu ike sílẹ̀ fún wákàtí kan. Bí hydrosulphite kankan bá kù, àwọ̀ tó fara pamọ́ yóò jáde, ẹ kò sì ní í tan ara yín jẹ. Èyí tó bá bá ìdá 16 mu ti pàdánù bíi 94 nínú 100 àwọ̀ rẹ̀. Èyí tó bá bá ìdá 32 mu, bíi 97.

Bí ike tó gba gíráàmù 5 bá mọ́ tó, 10 gíráàmù fún lítà kan nìyẹn. 200 fún korobá 20 lítà. Ẹ tún fi èyí kọ́ àwọn ọmọ: ẹ pín èédú kan náà sí ọ̀nà méjì. Ẹ da ìlàjì sí i, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ tó da ìlàjì kejì. Bí ẹ̀ẹ̀kan náà bá ṣẹ́ ìdá mẹ́rin àwọ̀ kù, ẹ̀ẹ̀mejì yìí lè ṣẹ́ bí ìdá mẹ́fà péré kù, láìfi èédú kankan kún un.

Ní ti ìdí tí èédú fi ń yan àwọ̀: àwọ̀ kì í wọ inú èédú bí omi ṣe ń wọ kànìnkànìn, ara rẹ̀ ló ń lẹ̀ mọ́. Nínú omi tó wà ní àárín, ìyẹn pH 7, ara èédú oko sábà máa ń gbé iná òdì (negative charge). Àwọ̀ tó bá ń gbé iná rere (positive charge) yóò sáré lẹ̀ mọ́ ọn. Gentian violet tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ẹ sì lè fi í dán èédú wò: ẹ kán an lẹ́ẹ̀mẹ́wàá sínú ìlàjì lítà omi mímọ́, ẹ fi èédú gíráàmù 2 sí i. Bí ó bá di àárọ̀ tí omi ṣì jẹ́ àwọ̀ àlùkò, ẹ̀bi èédú ni, ẹ lọ tún un sun. Bí gentian violet bá lọ tí aró yín sì kọ̀ láti lọ, ẹ̀bi èédú kọ́ nìyẹn. Irú aró náà ni.

Aró tó sì máa ń kọ̀ jù ni èyí tí wọ́n ń pò pẹ̀lú iyọ̀ àti soda ash láìlo hydrosulphite, irú bíi Procion. Kì í rọ̀ sísàlẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i, ó ń gbé iná òdì bíi ti èédú, omi rẹ̀ sì le. Bí a bá fi ásíìdì fa pH wá sí 3 tàbí 4, èédú yóò gbà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àmọ́ ẹ ní láti tún un gbé padà sí 7 kí ẹ tó dà á nù, iye èédú tí yóò gbà yóò sì pọ̀. A kò ní í tan yín: èédú lásán kò lè mú omi Procion tó nípọn mọ́ tán. Ẹni tó ń lò ó, kó wọn aró rẹ̀ dáadáa, kó jẹ́ kí aṣọ pẹ́ nínú rẹ̀ tó bó ṣe yẹ kó tó ṣàn án, kí ìwọ̀nba aró díẹ̀ ló bá omi lọ.

ÌBÉÈRÈ: A ṣe dúrọ́ọ̀mù asẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Àlẹ́kúwodò. Lọ́jọ́ kẹta, omi kò kọjá mọ́. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ àti alábẹ́là ni à ń ṣe.

ÌDÁHÙN: Ẹ̀kọ àti àbẹ́là ló dí i. Àfàìmọ̀ kí lẹ́búlẹ́bú èédú náà má wà lára rẹ̀.

Ẹ̀kọ tí ẹ fi ya àdìrẹ, ẹ fi ọ̀bẹ tí kò mú ha á kúrò lára aṣọ nígbà tó bá gbẹ, kí aṣọ tó kan omi ìṣanṣọ. Tí ẹ bá fi álọ́ọ̀mù tàbí òkúta búlúù, ìyẹn copper sulphate, sínú ẹ̀kọ náà, ẹ má jẹ́ kí ewúrẹ́ tàbí adìyẹ jẹ ẹ́. Ní ti àbẹ́là, ẹ jẹ́ kí omi tí ẹ fi bọ̀ ọ́ tutù pátápátá. Yóò dì sójú omi, ẹ ó hó o, ẹ ó sì tún un lò. Korobá ìjókòó gbọ́dọ̀ wà níwájú dúrọ́ọ̀mù, kí omi wà níbẹ̀ mọ́jú. Ẹrẹ̀ aró kò gbọ́dọ̀ fojú kan èédú.

Dúrọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀: oníke 200 lítà ni kó jẹ́, nítorí onírin yóò dípẹtà. Òkúta wẹ́wẹ́ 10 sẹ̀ǹtímítà ní ìsàlẹ̀, yanrìn odò tó rí wóróworó, tí a ti fọ̀, 10. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ́ nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ da èédú 40 sẹ̀ǹtímítà lé e, kí ẹ fi aṣọ àti òkúta 5 sẹ̀ǹtímítà bò ó kí omi tí ẹ ń dà má lè gbẹ́ ihò sí i. Èédú ti dúrọ́ọ̀mù kì í kúnná bíi ti korobá. Kó rí bí gàrí tó tóbi, kí ẹ sì fi omi rẹ ẹ́ fún wákàtí 24 kó lè rì. Ẹ fọwọ́ tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́ ara dúrọ́ọ̀mù dáadáa, torí ibẹ̀ ni omi máa ń yọ́ gbà láìfọwọ́ kan èédú. Kí páìpù tó ń gbé omi jáde láti ìsàlẹ̀ tún gòkè kọjá ojú èédú kó tó tẹ̀ wálẹ̀, kí èédú lè máa wà nínú omi nígbà gbogbo.

Èédú yìí gba àyè bíi 100 lítà. A fẹ́ kí omi lò tó wákàtí kan nínú rẹ̀, nítorí náà, kì í ṣe ju 100 lítà lọ ní wákàtí kan. Ẹ fi ike lítà kan gba omi lẹ́nu páìpù: bí kò bá tó ìṣẹ́jú-àáyá 36 kó tó kún, ó ti yára jù, ẹ dín in kù. Bí agbára bá ká dúrọ́ọ̀mù méjì, ẹ fi èkejì sí ẹ̀yìn èkíní. Lọ́jọ́ tí àwọ̀ bá hàn lẹ́nu èkíní, ẹ gbé èkejì síwájú, kí ẹ sì fi èédú tuntun sí èyí tó lọ sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni èédú kankan kò ní í lọ láìṣiṣẹ́ tán.

ÌBÉÈRÈ: Èlú àti omi eérú ni ìdílé wa fi ń rẹ aṣọ, a kì í lo kẹ́míkà. Ṣé ọ̀rọ̀ yín kàn wá? Àti pé, ṣé a lè fi omi ògì tàbí omi ẹ̀gẹ́ rọ́pò fínígà? (Ìyá àgbà kan, Ọjà Ọba)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àtìlẹ́yìn iṣẹ́ àwọn baba wa, Ìyá. Ó kàn yín, àmọ́ ìwọ̀nba ni. Aró èlú pẹ̀lú máa ń yòrò nígbà tí kò bá rí afẹ́fẹ́, ó sì máa ń jókòó bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i, nítorí náà bíbù ú sókè àti fífi í sílẹ̀ mọ́jú yóò ṣe iṣẹ́ púpọ̀. Omi eérú ṣì le fún ẹja, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó rọ̀ ju kọ́sítíìkì lọ. Kí ẹrẹ̀ rẹ̀ lọ sí orí ààtàn, kí omi òkè gba èédú kọjá.

Gbogbo wa la mọ ìtàn tí ìlú yìí fi bẹ̀rẹ̀: igi wó lu odò, ohùn sì jáde pé wọ́n ti fọ́ gbogbo ìkòkò aró òun tán. Aláró ni Ọ̀ṣun. Igbó rẹ̀ tó wà létí odò náà wà lára ohun àjogúnbá àgbáyé ti UNESCO láti ọdún 2005, àwọn ènìyàn sì ń ti ibi gbogbo wá bu omi rẹ̀ lóṣù kẹjọ. Ó dùn wá pé omi tí gọ́tà wa ń dà sí i kò dára tó ohun tí a ń wá gbà níbẹ̀.

Omi ògì kíkan ṣeé lò, ásíìdì rẹ̀ kò le, ó sì ń fi sítáàṣì sínú omi tí yóò rà tí yóò sì dí asẹ́. Ẹ lò ó níwọ̀nba, ẹ jẹ́ kó silẹ̀ kó mọ́ kí ẹ tó bù ú. Omi ẹ̀gẹ́, rárá o. Sáyánáìdì wà nínú rẹ̀, ẹ ó kàn fi májèlé kún omi ni.

ÌBÉÈRÈ: Tí omi bá ti mọ́, ṣé mo lè fi bomi rin ẹ̀fọ́? Kí ni ká ṣe sí èédú tó ti yó?

ÌDÁHÙN: Ẹ má fi bomi rin ẹ̀fọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mu ún. Àwọ̀ ni èédú gbà. Iyọ̀ àti sódà ṣì wà níbẹ̀ bó ṣe wà, ojú kò sì lè rí i. Ilẹ̀ tí ẹ bá ń da irú omi bẹ́ẹ̀ sí lójoojúmọ́ yóò gan, ẹ̀fọ́ yóò rọ. Ẹ fi ṣan aṣọ àkọ́kọ́ nígbà tí ẹ bá tún rẹ, tàbí kí ẹ fi fọ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Èyí tó bá pọ̀ jù, kí pH rẹ̀ wà láàárín 6 sí 9 kó tó kúrò lọ́wọ́ yín, kí ó sì jìnnà sí kànga.

Èédú tó ti yó àti ẹrẹ̀ aró kì í ṣe ajílẹ̀. Èyí tó bá ti ara aró oníkẹ́míkà wá kò gbọdọ̀ dé oko tí ẹnikẹ́ni ń jẹ nínú rẹ̀. Ti èlú nìkan la lè fi sí ìdí igi tí a kì í jẹ èso rẹ̀. Ẹ sá èédú náà lórí tápólì, kì í ṣe lórí ilẹ̀, nítorí òjò lè ṣan àwọ̀ rẹ̀ padà sí gọ́tà. Bó bá gbẹ, ẹ kó o sínú páànù oníhò tí a sọ lókè, kí ẹ tún un sun títí ọwọ́ iná ẹnu ihò yóò fi kú. Níta ni o, kí ẹ sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, ẹ má ṣe dúró síbi tó ń gbé èéfín lọ. Yóò fọ́ díẹ̀, yóò sì dín kù díẹ̀, ṣùgbọ́n yóò tún gba àwọ̀. Ẹ fi gentian violet dán an wò kí ẹ tó dá a padà sínú dúrọ́ọ̀mù. Ọjọ́ tí kò bá gbà á mọ́, ẹ pò ó mọ́ sìmẹ́ǹtì àti yanrìn láti fi dí kòtò inú ọgbà ṣọ́ọ̀bù, níbi tí omi kì í dúró sí. Ẹrẹ̀ aró, ẹ gbẹ ẹ́, kí ẹ dì í sínú àpò méjì tí omi kò lè wọ̀, kí ẹ kọ orúkọ aró àti ọjọ́ sí i lára, kí ẹ sì bá àwọn tó ń kó ìdọ̀tí ìjọba sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbé e, kí wọ́n mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.